Wọ́n Ní Mojíre Kò Ní Àtáàkì

Lẹ́yìn Ẹnuwá,
Ilé-Ifẹ̀.

Mojíre ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Kú iṣẹ́, kú làálàá, kú ìdúró nínú oòrùn Àbújá. Ṣé o ti jẹun? Bí o kò bá tíì jẹun, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ ná, lọ wá nǹkan jẹ, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí à ń fi inú òfo kà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ yóò máa la iwájú rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ohùn rẹ kò ní há nígbà tí o bá ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórí pápá, àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò sì ní kábàámọ̀. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún mi ti ń fẹ́ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kókó inú oko bàbá rẹ sì ti ń so.

Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ràn lẹ́tà kíkọ. Mo pè ọ́ títí, obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo wá ro ẹjọ́ yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní kó bá mi sọ fún ọ. Bó bá ti jíṣẹ́, fo ibi tó bá ti sọ. Ṣùgbọ́n n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́kàn lé e, nítorí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni òun náà ń sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ fi àgbà pè mí.

Ọjọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá! Ìwọ tí mo máa pè pè pè kí o tó gbá ojúlé lásán, tí o bá sì gbá a tán ìdọ̀tí yóò ṣì wà lábẹ́ àga, ìwọ ni wọ́n ní kó máa kọ́ ọmọ aráyé mọ̀ ọ́n gbá. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Ká ní bàbá rẹ wà láyé ni, ì bá ti pa ewúrẹ́ ẹlòmíì lọ́jọ́ náà.

Inú mi tún dùn sí ọ̀rọ̀ Adédàmọ́lá tí o ní ó fẹ́ fẹ́ ọ. Mo wo fọ́tò rẹ̀, ojú rẹ̀ fara balẹ̀, ó jọ ẹni tí kì í fi ìbínú gbé abọ́. O ní àwọn ará ilé rẹ̀ yóò wá láti Ìkirè wá wádìí wa wò kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ, nítorí náà mo ti múra dè wọ́n. Mo ti yí gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò ká, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè Mojíre, kí wọ́n sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣépè, kì í jà, kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ti há a sórí. Ìyá Ìbùkúnọlá tó múlé tì wá tilẹ̀ ní òun yóò fi omijé díẹ̀ sí i.

Ibi tí n kò múra sí ni ṣọ́ọ̀bù Lágúnjú. Ìwọ náà mọ Lágúnjú tó ń gẹ irun lẹ́bàá Ẹnuwá. Ó ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, ó to bẹ́ǹṣì, àwọn ọkùnrin ń sanwó wọlé wá wo bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ tí o ti gba iṣẹ́ yìí, eré yín ni wọ́n ń wò níbẹ̀, torí ọmọ Ifẹ̀ ni ọ́, èmi náà sì máa ń lọ. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Orí àga ìgẹrun ni Lágúnjú máa ń fi mí sí, yóò wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí n ó fi máa ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi rí gbogbo pápá.

Mojíre, bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà ni àwọn èèyàn yìí ṣe ń yẹ̀ ọ́ wò. Wọ́n gbà pé ẹ̀yìn rẹ dára. Wọ́n ní o ní klíìn ṣíìtì lọ́pọ̀lọpọ̀, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́ ọ, pé láti kékeré ni mo ti ń jẹ́ kí o fọ ṣíìtì orí bẹ́ẹ̀dì kí o sì sá a sóòrùn. Ẹjọ́ wọn ni pé kò sí iwájú. Wọ́n ní ọ̀mì lẹ́yìn ọ̀mì ni ẹ ń gbá. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó ń gbá iwájú fún ọ ti sọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ nù láti ọdún tó kọjá. Mo ní ṣé torí fọ́ọ̀mù ni gbogbo ariwo yìí, kó lọ búra ní kọ́ọ̀tù kí wọ́n fún un ní òmíràn, bí mo ṣe ṣe nígbà tí káàdì ìdìbò mi sọnù. Gbogbo wọn wo ara wọn lójú, ó hàn pé wọn kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tún ní àwọn tí ẹ ń bá gbá máa ń páàkì ọkọ̀ síwájú ilé wọn, bọ́ọ̀sì odindi, pé o kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí bí mi nínú. Ta ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọ orí pápá? N kò rí ọkọ̀ náà nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ojú mi kì í ríran jìnnà mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní o tutù jù. Wọ́n ní kọ́ọ̀ṣì yìí kò ní àtáàkì. Mo bi Lágúnjú pé kí ni àtáàkì, ó ní Mọ́mì, ìkọlù ni, kéèyàn máa lọ bá wọn nílé wọn, kó máa kọlù wọ́n láì sinmi. Wọ́n ní bí àtáàkì kò bá yọjú lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, mo sì wá ẹni tí n ó bá jà.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó ní igun, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, n kò rí i rí. Mo ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń díwọ̀n kọ́ọ̀ṣì ni. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ náà tutù tó báyìí. Tutù kẹ̀? Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga ìgẹrun. Mo sọ ti àgbò Alájì tó jẹ àkàrà rẹ, tí o lé e láti ilé wa dé Ìrẹ̀mọ, tí àgbò náà kò sì padà wálé mọ́ títí Iléyá fi dé. Mo sọ ti télọ̀ tó ba aṣọ Kérésì rẹ jẹ́, tí o gbé ọmọrogùn jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ọkùnrin náà fi gba ojú fèrèsé lọ sílé. Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo ní o bu olùkọ́ kan jẹ, èyí tí kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè ṣẹlẹ̀.

Bàbá nu ojú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ Lágúnjú ń pariwo, ó ní láti sún mọ́ mi. Ó ní ìbéèrè kan ló kù tó jẹ òun lógún: bí ó bá wá dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Mo ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ní bí Mojíre bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, kò ní dúró bá a sọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọlù ú, bí kò bá yẹ̀, yóò gba ẹ̀gbẹ́ òsì, bó bá sì di ọ̀rọ̀ agbára, àárín gan-an ni yóò ti là á. Bàbá ní ṣé òun nìkan ni yóò dá a ṣe? Mo ní rárá o, obìnrin mọ́kànlá ni wọn, àwọn mìíràn sì tún wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń na ẹsẹ̀, bó bá ti rẹ ẹnì kan, òmíràn yóò wọlé. Bàbá ní ojoojúmọ́? Mo ní rárá, òpin ọ̀sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dánra wò. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá dìde, kò mu míníráàlì rẹ̀ tán, ó ní òun ti gbọ́ tó.

Inú mi dùn títí mo fi délé. Ọjọ́ kejì ni Lágúnjú wá bá mi, ojú rẹ̀ kò dára, ó ní Mọ́mì, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lánàá? Ó ní Alàgbà Oyèkúnlé láti Ìkirè ni, bàbá Adédàmọ́lá, ó wọ̀ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Ogbò. Ìwádìí ló wá ṣe, ó sì rò pé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti máa mọ ìwà kọ́ọ̀ṣì. Ó ní àbúrò náà wá gẹrun láàárọ̀, òun ló sọ pé ọkọ ni bàbá ń béèrè, kì í ṣe ọkọ̀.

Ọkọ! Mojíre, mo gbé o! Mo ti sọ fún ẹni tó fẹ́ di àna mi pé obìnrin mọ́kànlá yóò la ọmọ rẹ̀ láàárín ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti há ìwà pẹ̀lẹ́ sórí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, Ìyá Ìbùkúnọlá ní omijé òun ti ṣòfò.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ogbò láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí bàbá tó padà sílé. Àpò ìrìn-àjò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀, Bọ́látitó tó fẹ̀yìn tì ní káńsù, ti tan tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kún pálọ̀, eré yín ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀wọ́ sà, mo bù mọ́ ọn ni, ọmọ yìí tutù bí omi inú àmù, kò lè kọlu eṣinṣin. Kí n tó dìde, àwọn ọ̀rẹ́ Bọ́látitó ti ń kígbe pé ẹ gbọ́ o, ìyá tó bí i ti jẹ́wọ́, kò ní àtáàkì! Mo ní irọ́ ni, ó ní in. Bàbá wò mí. Mo ní kò ní in. Àwọn ọ̀rẹ́ wò mí. Bí mo bá fún ọ ní àtáàkì, ọkọ lọ, bí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ lọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí n kò mọ èyí tí n ó mú, àfìgbà tí Bọ́látitó ní kí n jókòó ká wo eré ná.

Àwọn ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń wo ìwọ. Àwọn tó ń fi yín hàn kì í jẹ́ kéèyàn rí ọ pẹ́, wọn á fi ọ́ hàn fírí, wọn á tún sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o ti rù, egungun ọrùn rẹ ti yọ. Mo rí i tí o bọ́ fìlà rẹ jù sílẹ̀, tí ò ń nawọ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa lọ! Wọ́n sì lọ. Tiyín wọlé, tiwọn wọlé, tiyín tún wọlé, Bọ́látitó gun orí àga, wọ́n ní àtáàkì ti dé. Èmi ń wo ojú bàbá, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Nígbà tí eré fẹ́ parí, ayò mẹ́rin sí mẹ́ta ni, ẹ̀yin lẹ ní mẹ́ta. Wọ́n fún yín ní pẹnáritì, ọmọ kékeré kan tó di irun pupa ló gbá a, ó gbá a lọ sójú ọ̀run. Wọ́n fọn fèrè, ẹ ti pàdánù.

Mo fi ọwọ́ bojú. Mo ní iṣẹ́ ti lọ, ọkọ ti lọ. Nígbà tí mo ṣíjú, ìwọ ni mo rí. O lọ bá kọ́ọ̀ṣì àwọn tó nà yín, o bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, o rẹ́rìn-ín sí i, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ bí inú rẹ ṣe máa ń bàjẹ́ tó. O wá rìn la gbogbo pápá kọjá lọ bá ọmọ tó sọ pẹnáritì nù, tó ń sunkún lórí koríko. O fi ṣòkòtò funfun jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, o gbé orí rẹ̀ lé èjìká. O kò bá a wí. O kàn jókòó. Mo sunkún níwájú gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn, n kò sì tijú.

Alàgbà Oyèkúnlé yíjú sí mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Ifẹ̀, wọ́n ní iná ni, wọ́n tún ní omi ni, òun kò mọ èyí tí òun yóò gbé lọ sílé. Ó ní ẹni tí wọ́n nà lójú gbogbo ayé, tó bọ ẹni tó nà án lọ́wọ́, tó tún lọ jókòó ti ẹni tó jẹ́ kí wọ́n nà án, kò ní da ilé ọmọ òun rú. Ó ní ìwádìí òun parí síbẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun gbé àpò òun padà sí yàrá, ebi ń pa òun.

Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Ní ti iṣẹ́, Lágúnjú ní kò sẹ́ni tó jẹ́ lé ọ mọ́, gbogbo wọn ti gbà pé àtáàkì rẹ kò láfiwé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní kò sí mọ́. N kò bá wọn jiyàn, mo ti fún ẹnu mi nísinmi.

Nítorí náà fi owó ránṣẹ́, ọmọ mi. Pálọ̀ fẹ́ ọ̀dà, àga fẹ́ tìmùtìmù, àna kò sì gbọdọ̀ jókòó lábẹ́ ibi tí òjò ti ń jò. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, má gba báńkì, èmi àti báńkì kò rẹ́ mọ́. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn ń bá mi yọ̀ ọjọ́ ìbí mi, mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní ta ni mo mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ tò.

Ilé tí o fẹ́ wọ̀ yóò tù ọ́ lára. Ọkọ rẹ yóò rí ọ bí mo ṣe rí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dá nìkan sunkún, bí o ṣe jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ kò ní wọ́n ọ. Bí ẹ bá borí, wá sílé. Bí wọ́n bá nà yín, wá sílé. Bí wọ́n bá lé ọ, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ níbẹ̀, wá sílé. Iyán kan náà ni n ó gún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.