Agbọ́nmi Ọkọ̀ Sùúrù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá

Ọ̀gágun wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ọ̀gágun ni mò ń pè é, torí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, àṣẹ ló máa ń pa. Ó jókòó lórí àga oníbàárà kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tìmùtìmù tuntun sí. Ó ní àga náà dára. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ń bọ̀. Ọ̀gágun kì í yin iṣẹ́ mi lásán.

Ó ní, "Àbúrò, sinmi lọ́dún yìí."

Mo ní kí n sinmi kí ni.

Omi gbígbọ́n. Ó ní mo ti wúwo, ìdí ọkọ̀ ń rì sílẹ̀ níbi tí mo bá jókòó sí, àti pé ọdún kọkànlá nìyí tí a ti gba ipò kìíní kẹ́yìn nínú ìdíje. Ó ní òun ti rí ẹnìkan tó fúyẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún! Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi jókòó sí ìsàlẹ̀ Sùúrù, ọkọ̀ onígbòkun tí bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí mò ń fi agolo gbọ́n omi dà síta. Èèyàn mẹ́fà ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn márùn-ún ń wo ojú ọ̀run, wọ́n ń wo ìgbòkun, wọ́n ń wo èrò etí omi tó ń pariwo orúkọ wọn. Èmi, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò. Mo mọ èékánná ẹsẹ̀ Ọ̀gágun ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ.

"Sinmi." Bí ẹni ń lé adìyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò jáde. Ìyàwó mi bi mí bóyá ara mi le. Mo ní ara mi wúwo ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Mo ti mọ ẹni tó fúyẹ́. Wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi ni. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ó bí ọmọ méjì, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí — ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ní ó yẹ kí n wá gbàṣẹ lọ́wọ́ yín." Mo ní kò sí wàhálà. Mo rẹ́rìn-ín. Eyín funfun, inú dúdú.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ihò wà lára Sùúrù. Lápá òsì, lábẹ́ ibi tí mò ń jókòó sí gan-an, níbi tí pákó kẹrin ti pàdé ìkarùn-ún. Ọdún keje nìyí tí mo ti rí i. Olófòófó ni mo sọ ọ́, torí ẹnu rẹ̀ kì í dé. Lọ́dọọdún, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, màá mú òwú tìmùtìmù láti ṣọ́ọ̀bù, màá rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà, màá fi abẹ́rẹ́ ńlá tì í wọlé. Láti bí ọdún mẹ́rin Olófòófó ti ń gbọ́ràn, àtàǹpàkò lásán ni mo fi ń lẹ òwú mọ́ ọn lára. Àmọ́ bí kò bá sí òwú níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì wá le —

Kí ló dé tí mi ò fi sọ fún Ọ̀gágun? Ìwé, má bi mí. Ó dáa, bi mí. Bí mo bá sọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni káfíńtà á fi dí i. Lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n á tún fi mí ṣe?

Wọ́n ní kí n sinmi. Ẹnu mi náà á sinmi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Wẹ́dà ní kí n kọ́ òun níṣẹ́. O ò rí nǹkan! A jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, a gbé bàsíà omi sáàárín. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́nmi láì fi ìgúnpá gbá ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú. Mo kọ́ ọ pé èèyàn kì í da omi síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò mu ún padà. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa sún sí apá òkè bí ọkọ̀ bá fì. Ó ń gbọ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Ó wá ní, "Ṣé kò tún sí ohun tó yẹ kí n mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní kò sí.

Ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ odò wẹ̀ o. Ó fi ṣe àwàdà. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀ látọdún pípẹ́ wá, ẹ ò kú."

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Wẹ́dà kí mi láàárọ̀. Mo dáhùn. Mi ò sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó tún kí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n gbé Sùúrù sójú omi láti dánra wò. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí, mò ń yọjú bí olè. Tíńrín ló bá mi níbẹ̀ — ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà òògùn. "Dádì, kí lẹ ń ṣe níbí?" Mo ní mò ń tọ̀. Kò gbà mí gbọ́. Ó dúró tì mí, a jọ ń wo ọkọ̀ náà. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun wọ̀ ọ́. Èsì mi kò yí padà rí: ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ibi ọmọbìnrin.

Afẹ́fẹ́ ò le lónìí. Sùúrù ń sá lórí omi bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Èmi ni ẹrù náà.

Nílé, ìyàwó mi ní, "Kí ló ń jẹ yín nínú gan-an?" Mo ní aràn ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Irin já lu ẹsẹ̀ wẹ́dà. Ọmọ ìka méjì fọ́. Mo sáré sọdá títì, èmi ni mo gbé e sínú mọ́tò dé ilé ìwòsàn. Ó ń ké, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," èmi ń dúpẹ́ nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀: inú mi dùn. Kò ní rì mọ́. Mi ò ní pa á. Ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún péré — ta ni wọ́n tún fẹ́ pè?

Mo gé òwú tuntun. Mo fọ ṣòkòtò tí mo máa ń wọ̀ lọ sójú omi, mo sá a síwájú ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á ti rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọ̀gágun wá. Mo ti wẹ̀ dè é. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Tíńrín ló bèèrè.

Kí n tó jáde sí pálọ̀, ó ti gbà. Ó ń fò sókè, àgbàlagbà ọmọ. "Dádì, wọ́n ní kí n wá gbọ́nmi!" Ìyá rẹ̀ ń wo ojú mi. Ọ̀gágun ń wo ilẹ̀.

Mo ní rárá.

Tíńrín kò pariwo. Ó ní, "Ṣé torí pé kì í ṣe ibi obìnrin ni, àbí torí pé tiyín ni?"

Ọmọ mi ni. Ibo ló ti kọ́ irú ẹnu báyẹn? Kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

N ó kọ gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ tán ni mo lọ bá Ọ̀gágun lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òun àti káfíńtà ń kun ọ̀dà. Mo ní ihò wà lára ọkọ̀. Mo sọ ọ́ pátá: pákó kẹrin, ìkarùn-ún, òwú, ọdún méje. Mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi wọ̀ ọ́.

Mo retí èébú. Kò bú mi. Òun àti káfíńtà wo ara wọn. Káfíńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní òun ń lọ mu omi. Òǹgbẹ kò gbẹ ẹ́.

Ọ̀gágun kúnlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n wá fọwọ́ kan ibẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Pákó kẹrin kì í ṣe èyí tí bàbá wa fi sí i. "Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn la ti pààrọ̀ ẹ̀," ló wí. "Káfíńtà ló rí i nígbà tí a dojú ọkọ̀ dé. A bá òwú níbẹ̀. Ta ló tún ń lo òwú ládùúgbò yìí?"

Mo ní, ṣùgbọ́n omi ń wọlé. Mò ń gbọ́n ọn.

Ó ní, "Èyí tí ìgbì ń ta sínú ọkọ̀ ni. Kì í kún korobá kan."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń lẹ òwú mọ́ pákó tí nǹkan kan ò ṣe. Ó mọ̀. Káfíńtà mọ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni gbé agolo fún ọmọdé pé kó máa fi ṣeré. Ọ̀gágun ní, "O fẹ́ràn ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kójú tì ọ́." Kò sọ ọ́ bí àṣẹ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ti dìde ló bá ní kí n dúró ná. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"O ò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ní mi ò mọ̀.

"Lójú tìẹ, ihò ṣì wà níbẹ̀."

Mò ń nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò.

"Wẹ́dà ń múra láti jókòó lé e lórí. O kọ́ ọ níṣẹ́. O ò sọ fún un." Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣírò. "Ọmọ ọlọ́mọ lè rì. Tìẹ nìkan ni kò gbọdọ̀ rì?"

Mo yíjú padà. Káfíńtà ti dé, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọ̀gágun ò ní sọ. Káfíńtà ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Tíńrín ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn. Mo kọ́ ọ. Ohun tí mo kọ́ wẹ́dà ni, kò lé, kò dín. Ó ní, "Ṣé ó tán?" Ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí ó tán lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọdún kọkànléláàádọ́rin ìdíje. Igi, aṣọ, afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì wá, wọ́n á lé e. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún. Èmi wà láàárín èrò, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí màá rí Sùúrù láti etí omi lọ́jọ́ ìdíje. Mi ò mọ̀ pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbàdúrà. Kì í ṣe kí wọ́n rì o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ipò kẹrin ni mo bèèrè. Ipò kẹrin kì í pa èèyàn.

Níbi àgbá pupa kejì, tí gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ yípo, afẹ́fẹ́ kọlù wọ́n. Ìgbòkun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo ti wọ inú omi dé orúnkún kí n tó mọ̀. Tíńrín sọ agolo sílẹ̀, ó di okùn mú, ó gun etí ọkọ̀, ó sì fẹ̀yìn tì sójú òfìfo, gbogbo ara rẹ̀ lókè omi. Ohun tí mi ò lè ṣe láéláé, kódà nígbà tí mo fúyẹ́. Sùúrù dìde. Wọ́n kọjá ọkọ̀ kan, wọ́n kọjá èkejì, wọ́n kọjá ẹ̀kẹta.

Ipò kìíní.

Ọkùnrin kan gbá mi mọ́ra, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní, "Ta ni ọmọbìnrin yẹn?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ẹ kú oríire! Ẹ̀yin náà ti wọ ọkọ̀ yẹn rí?"

Mo ní rárá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ilé kún fọ́fọ́. Ẹ kú oríire, ẹ kú oríire. Ẹnu ń ro mí. Tíńrín fi àtẹ́lẹwọ́ tí okùn bó hàn mí, ó jókòó tì mí títí wọ́n fi lọ tán. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà kò wá. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó sọdá títì lórí igi méjì tó fi há abíyá. Ó pẹ́. Mọ́tò dúró dè é. Mò ń wò ó láti ṣọ́ọ̀bù, mi ò dìde lọ pàdé rẹ̀. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, káfíńtà sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo ti tọ́jú èsì kan láti ọjọ́bọ̀: kò sí ihò kankan lára ọkọ̀ yẹn, lọ bi Ọ̀gágun. Òótọ́ pọ́ńbélé. Kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú wẹ́dà, mo sì rí i pé òun náà ń fẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo ní, "Mo rò pé ihò wà níbẹ̀. O sọ fún mi pé o ò mọ odò wẹ̀. Mo dákẹ́."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì, ó padà wò mí. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

Ó mi orí. Ó yí igi rẹ̀ padà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "O ṣeun tí o sọ òótọ́."

O. Mo fi ọdún mẹ́tàlá ju ọkùnrin yìí lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti jọ wà lójú títì yìí — ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí irin já lù ú tó ń ké nínú mọ́tò — "ẹ" ló máa ń pè mí.

Ẹnu mi ti sọ "kò tọ́pẹ́" kí n tó mọ̀.