Ojú Ìwé Kẹta Dà?

Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ yín, kí n tó kí yín. Èsì ni mo jẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọlá, àbúrò mi, ti pè mí pé ilé iṣẹ́ òkèèrè kan, lára àwọn tí ìjọba ń pè wá sí Èkìtì, fẹ́ gba oko wa ní ọ̀nà Ìjàn láti gbin ẹ̀gẹ́, pé ẹ ò ní tẹ̀ka sí ìwé wọn àfi tí èmi àkọ́bí bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ fún mi láyè kí n rò ó. Mo ti rò ó. Èsì mi rèé: ẹ má tíì tẹ̀ka o, àfi tí wọ́n bá mú ojú ìwé kẹta àti ìkẹrin wá.

Gbèsè tán, ó wá ku kíkí. Ẹ kú ilé o, Bàbá, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Màmá mi, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ọlá, mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ń bínú sí mi. Mo kí ìjọ wa, láti orí Wòlíì dé orí ẹni tó ń lu agogo. Mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí síta lẹ́yìn ìkéde, nítorí mo gbọ́ pé ilé wa nìkan kọ́ ni wọ́n gbé irú ìwé yìí lọ.

Ara mi le, a dúpẹ́. Mo ṣì wà ní ilé ìtura tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá mẹ́rìnlá ni mo ń tún ṣe lójúmọ́. Mo ń tẹ́ ibùsùn fún ẹni tí mi ò mọ̀, tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé báwo ni iṣẹ́. Òtútù ibí kì í ṣe irú ọyẹ́ tiwa tí oòrùn ọ̀sán ń lé lọ. Ó ń wọ inú eegun, ó sì ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà lóòótọ́, àmọ́ owó ló ń jẹ, nítorí náà èmi àti súwẹ́tà méjì la jọ ń sùn. Ní Sátidé mo máa ń ro ìyẹ̀fun iṣu nínú omi gbígbóná, kí n lè sọ pé mo jẹ iyán. Iyán tí kò ní ohùn odó ni.

Ibi iṣẹ́ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn èèyàn kan láti ìpínlẹ̀ wa wá pàdé àwọn oníṣòwò ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé ìtura náà. Wọ́n ní kí n wá máa kó ife tíì. Bàbá kan tó dé fìlà nínú àwọn tiwa bi mí pé kí ni wọ́n dín sínú àwo yẹn, mo ní uṣu ni, bí a ṣe ń pe iṣu nílé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló gbé ọmọ Èkìtì pamọ́ sídìí ife tíì? Ó ní kí n sọ fún bàbá mi kó ro oko rẹ̀ dáadáa, pé àwọn tí yóò ra ẹ̀gẹ́ wa ti ń bọ̀, pé ọjà wa yóò máa wọ ọkọ̀ òkun. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sára àlejò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pè yín, tí mo ní ẹ fi ọ̀yàyà gba ẹnikẹ́ni tó bá wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Mi ò sọ pé bàbá onífìlà yẹn purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe àlejò kọ́ ló máa ń mọ ohun tó wà nínú àpò àlejò. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi, ó sì béèrè bóyá àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà pọ̀. Kò béèrè ohun tó ń hù níbẹ̀. Kò béèrè bóyá òjò ń rọ̀.

Nígbà tí Ọlá wá fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́, mo wò ó. Ẹ mọ̀ pé prámárì mẹ́fà ni mo kà, òyìnbó gígùn máa ń já mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo mọ òǹkà. Ojú ìwé kìíní, ojú ìwé kejì, lẹ́yìn náà ojú ìwé karùn-ún. Mo bi Ọlá pé ìyókù dà, ó ní bí aṣojú wọn tó ní ọ́fíìsì ní àdúgbò Adébáyọ̀ ṣe kó o fún òun nìyẹn, pé èyí tó kù kò ṣe pàtàkì. Mo ní tí kò bá ṣe pàtàkì, kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́?

Mo gbé e lọ bá Akua, ọmọ Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti ṣe tíṣà rí. Ó ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì sọ pé ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ náà yóò... Ọ̀rọ̀ já síbẹ̀. Yóò ṣe kí ni? Yóò sanwó, àbí yóò tún gba ilẹ̀ sí i? Ojú ìwé karùn-ún ò sọ. Àyè ìtẹ̀ka nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà sí ojú ìwé kìíní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbí ti gba ẹ̀bùn, pé ẹ̀bùn náà ni wọ́n fi gba ilẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Bàbá mi, ẹ̀bùn wo? Ìgò ọtí, páálí bisikíìtì àti aṣọ tí aṣojú yẹn gbé wá ni. Ẹ sọ fún mi pé ìṣákọ́lẹ̀ ni, pé ẹ ò rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí, tó san ìṣákọ́lẹ̀ kó tó gbin nǹkan. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti gún mi létí. Láti kékeré mi ni bàbá Ìgbìrà tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa ti ń gbé iṣu àti epo wá lẹ́yìn ìkórè. Kì í ṣe pé ilé wa ò ní iṣu. Ó fi ń sọ pé ilẹ̀ yín ni, àlejò lòun, ọdún tí kò bá sì gbé e wá, ẹ ó lọ bi í. Ọdọọdún ni ìṣákọ́lẹ̀ ń wá. Èyí tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣáájú ìkórè, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé, owó ilẹ̀ ni. Ojú ìṣákọ́lẹ̀ lẹ fi gbà á, ojú owó ilẹ̀ ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀.

Ọlá ní ìlú òyìnbó ti sọ mí di ẹni tó ń sá fún òjìji ara rẹ̀, pé mò ń jẹ búrẹ́dì wọn níbí, mi ò fẹ́ kí búrẹ́dì náà dé ilé. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ, mo sì mọ iye ọdún tí o ti fi ń wá a. Èmi náà fẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ wa yé jẹrà sétí títì. Tó bá jẹ́ òótọ́, èmi fúnra mi á padà wálé wá bá wọn gbálẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ bá ni ṣòwò kì í fi ojú ìwé méjì pamọ́.

Ohun tí mo bẹ̀ yín kò le. Mo dúpẹ́ pé Àládùúrà ni wá, ẹ kì í mutí. Màmá ní ìgò náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, wọn ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ọlá àti àgbà ìjọ méjì gbé e padà sí Adébáyọ̀. Kí wọ́n ra páálí bisikíìtì mìíràn dípò èyí tí àwọn ọmọ ti jẹ. Ẹ gba aṣọ tí ẹ ti gbé fún télọ̀ padà. Tó bá ti gé e, mo ti fi owó irú rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Owó tí mo ń tọ́jú fún súwẹ́tà kẹta ni mo fi san án. Kí wọ́n sọ fún aṣojú yẹn pé a ò lé yín, ẹ mú ìwé yín wá ní pípé, kí lọ́yà tí àwa mú kà á fún wa ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ìṣákọ́lẹ̀ ọdọọdún sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́, wọn á padà wá. Tí wọn ò bá padà, ìgò ọtí kan ló jẹ́ ká mọ̀ wọ́n, kò wọ́n.

Ọlọ́run tó dá ilẹ̀ kí wọ́n tó dá ìwé yóò pa tiwa mọ́. Ẹ ó pẹ́ lórí oko yín, Bàbá, orúnkún Màmá yóò gbé e dé ibi ayọ̀, Ọlá yóò ríṣẹ́ tí kò ní gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ má gbàgbé bàbá Ìgbìrà.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ń gbé tàdáwà ìtẹ̀ka bọ̀. Èmi Fúnmiláyọ̀, ọmọ yín, ń retí ohùn yín ní Ọjọ́bọ̀.