Bàbá Mi, Sìdíkátù Ti Mọ Ohun Tó Fẹ́

Bàbá mi tó sùn tí kò jí,

Mo kí yín láti inú yàrá yín. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí báyìí, lórí àga tí ẹ máa ń gbé sẹ́nu fèrèsé kí ẹ lè máa wo àwọn èèyàn tó ń gun òkè Mápó. Màámi ṣì wà, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba mọ́. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ní ká tètè tún ṣe ti wó nínú òjò àkọ́rọ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an kò dùn ún gbọ́.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ tí ẹ lè pè é. Tí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ bá béèrè, ẹ ó ní tíṣà ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ ó sì yáa gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Mi ò bínú. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé iṣẹ́ òun ni kóun jókòó ti àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, kóun máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ títí wọn á fi mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Tí ẹnì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ máa ń ṣí fìlà, ẹ ó gbé e lé orúnkún, ẹ ò sì ní dé e padà àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀ tán. Èmi ò ní fìlà, ṣùgbọ́n mo máa ń da fóònù mi dojú bolẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá sí ọ́fíìsì mi lọ́dún tó kọjá. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Àkáǹtì ló ń kọ́, ó sì ń fìdí rẹmi. Kì í ṣe olódo rárá. Tí mo bá bi í pé kí ló wù ú, á ní kò sí. Tí mo bá bi í pé ta ló yan àkáǹtì fún un, á ní bùrọ̀dá òun ni. Bùrọ̀dá náà, Lásísì, ló ti ń tọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Aṣọ ló ń tà ní Gbági, ó sì fẹ́ kí àbúrò òun wá máa bójú tó ìṣirò ṣọ́ọ̀bù tó bá jáde. Sìdíkátù ò bá a jiyàn. Ó kàn ń kọ́ ọ bí ẹni tó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Ó pẹ́ kí n tó rí i tí ojú rẹ̀ tàn. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló mú un wá. Àtọ̀gbẹ ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá náà kan, Sìdíkátù ló sì ń bá a di ojú egbò. Ó tún fi òwú àti àkísà rán ìrọ̀rí rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí ìyá lè gbé ìyókù ẹsẹ̀ tí wọ́n gé náà lé, kó lè jókòó kírun láìjẹ̀rora. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀ fún mi. Mo mú un lọ sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ kó fọwọ́ kan èyí tó ń fá lọ́wọ́, a sì jọ wo bàbá arúgbó kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í rìn. Bàbá mi, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ títí ọkùnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní òun ti mọ ohun tóun fẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ra bọ̀ọ̀lì fún àwa méjèèjì, a sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti Bẹẹrẹ bí ọmọdé.

Iléèwé tí mo rí tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà jìnnà, ó wà nílẹ̀ Ìbò lọ́hùn-ún. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó má fi í pa mọ́ fún bùrọ̀dá rẹ̀, ó sì lọ sọ fún un. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dé ọ́fíìsì mi. Kò pariwo. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó bi mí bóyá mo lọ́mọ. Mo ní mo lọ́mọ. Ó wá bi mí bóyá mo lè gbé ọmọ mi sínú ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ, pẹ̀lú àwọn ajínigbé tó wà nínú igbó.

Mo tún lọ bá wọn nílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà agboolé. Mo ní tí ọ̀nà bá jìn jù, ẹ jẹ́ ká wá iṣẹ́ tó fara pẹ́ ẹ nítòsí, irú ti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe máa rìn padà. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n tilẹ̀ fún mi lómi tútù. Sìdíkátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, kò gbójú sókè. Lásísì ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ kí tirẹ̀ lè ṣeé ṣe. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ohun tó wù mí."

Ṣé ẹ̀yin ì bá ti rí èsì fún un, Bàbá? Ẹ máa ń sọ pé nínú gbogbo ẹjọ́ ẹbí tí ẹ gbọ́ ní kóòtù, èyí tó le jù ni èyí tí tọ̀tún tòsì jọ jàre.

Lásísì kò dá a padà sí àkáǹtì pàápàá. Ó mú un kúrò níléèwé, ó ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ òun láti máa wo ọ̀nà jíjìn, kò gbọdọ̀ padà débẹ̀. Ọ̀gá mi pè mí, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ mìíràn, mi ò gbọdọ̀ mú ọmọ kankan jáde ní géètì. Ìyá àgbà kú kí Ààwẹ̀ tó dé. Ìta ni mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń sin ín. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì fẹ́ rí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Gbági. Lásísì ò sí níbẹ̀, Sìdíkátù nìkan ni mo bá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Mo ní mo ṣì ń wá ọ̀nà, mo ní bóyá tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ọkàn bùrọ̀dá á rọ̀. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì le rárá.

"Ẹ má bínú, mà. Kí n tó mọ̀ yín, mi ò mọ ohun tó wù mí. Ó rọrùn fún mi nígbà yẹn."

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má wá mọ́, torí ọjọ́ tóun bá ti rí mi, oorun kì í kun òun. Mo dìde. Ó sìn mí dé ojú títì, ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì dúró títí mo fi lọ.

Bàbá, ṣé ó sàn kí èèyàn má mọ̀ ni? Ṣé ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ pe iṣẹ́ mi lórúkọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín nìyẹn, àbí èmi ni mò ń ro ìròkurò? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín kọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀. Mi ò bi yín rí bóyá ohun tó wù yín nìyẹn.

Ọmọ mìíràn ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò sí ohun tó wu òun láyé yìí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè bi í tí ojú rẹ̀ á fi tàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti bi í.

Kí Ọlọ́run tú ilẹ̀ tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń ti ilẹ̀kùn yàrá yín jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹ ń sùn níbẹ̀.