Ilé Ìwẹ̀ Dúdú tí Wùnmí Kùn ní Ọ̀dà Funfun

Èmi, Susan Adédoyin Fátóyìnbó, opó, tí ń gbé ní St. Albans ní Queens, ní ìlú New York, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí, èmi fúnra mi ni mo sì kà á sókè létí àwọn ẹlẹ́rìí. Ọpọlọ mi pé. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, orúnkún kì í sì í pín ogún. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀rù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìwé yòówù tí mo bá ti buwọ́ lù ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí ọmọ mi Túbọ̀sún gbé wá bá mi ní ọsibítù nígbà tí oògùn oorun ṣì wà lójú mi, mo fagi lé e.

Túbọ̀sún, Kúnmi, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ Wùnmí ìyàwó Túbọ̀sún, ẹ jókòó. Mo ti sọ fún amòfin pé kó rọra kà á, kó má sì fo ìlà kankan nítorí ojú àánú.

1. Mo yan Amòfin Ìníọlá Abíọ́yè àti Magaly Candelario, tí a jọ ń tọ́jú oko, láti mú ìwé yìí ṣẹ. Mo mọ̀ pé Túbọ̀sún yóò bínú pé mo fi ọmọ bíbí inú mi sílẹ̀, mo lọ mú ará Puerto Rico. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Magaly ń bá mi rẹ́ irun àgùntàn nígbà tí ìwọ Túbọ̀sún wà lórí fóònù, tí ò ń bi mí pé kí ni mò ń wá kiri nínú ìgbẹ́ ẹran.

2. Oko tó wà ní Mariners Harbor, pẹ̀lú ilé onípákó, ilé ẹran, òfì àti ilé ìwẹ̀, mo fi í fún ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: àwọn ará Finland ló kọ́ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Eino Lahtinen ló kù gbẹ̀yìn nínú wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò bímọ. Òun, èmi àti àwọn aládùúgbò díẹ̀ la sọ ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá wo bí àwọn èèyàn náà ṣe gbé, ohun tí wọ́n jẹ, bí wọ́n ṣe hun ẹní láti ara àkísà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Nígbà tó ń kú lọ, ó fi gbogbo rẹ̀ sí ìkáwọ́ mi.

Ọmọ mi kankan kò gbọdọ̀ mú pákó kan níbẹ̀. Túbọ̀sún, o rò pé mò ń sùn lọ́jọ́ tí ìwọ àti kọ́lékọ́lé kan ń ta téèpù ìwọnlẹ̀ káàkiri ọgbà oko. Ojú fèrèsé ilé onípákó ni mo wà. Mo rí bí o ṣe fi ẹsẹ̀ ta ìlẹ̀kùn ilé ẹran.

3. Mo fún Wùnmí ní garawa ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù, búrọ́ọ̀ṣì tó bá a rìn, àti kọ́tìnì olódòdó tó so mọ́ fèrèsé ilé ìwẹ̀.

Ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà ẹ ní sùúrù fún mi. Ilé ìwẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní sáúnà, kò ní ihò tí èéfín ń gbà jáde. A óò dáná sábẹ́ òkúta títí òkúta yóò fi gbóná, èéfín á kún inú ilé, lẹ́yìn náà la óò ṣílẹ̀kùn kó jáde, kí èèyàn tó wọlé lọ wẹ̀. Ògiri rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Eino sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ òkú bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ó sọ fún mi pé èéfín iná tí wọ́n fi gbé omi ìwẹ̀ gbogbo wọn kaná ló wà lára ògiri, pé ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ nù ún. Nígbà tí òun náà kú, èmi àti Magaly la dáná, tí a sì wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Èéfín tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn.

Mo wà ní ọsibítù nítorí orúnkún nígbà tí Wùnmí kó àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ṣe ìmọ́tótó de ọjọ́ ìbí mi. Wọ́n fi bílíìṣì ha ògiri náà títí wọ́n fi kan igi, wọ́n wá kùn ún ní funfun. Wùnmí fi ọwọ́ bo ojú mi láti inú ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ó sì ní kò yẹ kí àlejò wá bá Màmá nínú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún.

Túbọ̀sún tù mí nínú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò sẹ́ni tó bi ọba léèrè.

Mo tún fún Wùnmí ní ìnusẹ̀ kan. Léèsì aláwọ̀ ewé tó rà fún mi fún ọjọ́ náà ni mo gé sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo fi òfì hun. Ó dára láti fi nu ẹrẹ̀ bàtà. Mo ti dán an wò.

4. Gbèsè. Túbọ̀sún jẹ Eino ní ìkíni. Ọkùnrin náà wọ kóòtù, ó gbé búrẹ́dì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó wá sí St. Albans láti tọrọ mi. Túbọ̀sún dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni mo wà lókè àjà tí mò ń gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó kúnlẹ̀ níwájú mi pé kí ni ìjọ yóò wí bí ìyá òun bá fẹ́ òyìnbó tí ó ń wẹ̀ fún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ borí. Búrẹ́dì náà, Túbọ̀sún, ìwọ lo jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, kí Túbọ̀sún lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ibojì Eino, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ìdajì tí ẹ fi ń tan àwọn àgbà jẹ ní Amẹ́ríkà.

5. Kúnmi, ìwọ kò ṣe ibi, o kò sì ṣe rere. Gbogbo ìgbà tí èmi àti Túbọ̀sún ń jà ní iwájú rẹ, ojú fóònù lò ń wò. Mo fún ọ ní àgbò oko wa, èyí tó máa ń kan gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé wọn kò ní gbà á sínú ilé tí o háyà ní Mount Hope. Oko ni yóò wà, ìwọ ni yóò sì máa wá fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, bóyá yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi orí kan nǹkan.

6. Ilé mi ní St. Albans, tí ẹ tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ dúdú wá síhìn-ín, mo fi í fún Túbọ̀sún àti Wùnmí, bí wọ́n bá mú ohun tí ń bọ̀ yìí ṣẹ.

Olùtọ́jú òkú ti gbà láti gbé mi lọ sí Mariners Harbor. Wùnmí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná nínú ilé ìwẹ̀ funfun rẹ̀. Túbọ̀sún ni yóò pọn omi. Kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn títí èéfín yóò fi mú ògiri. Lẹ́yìn náà kí Wùnmí wẹ̀ mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù òkú. Magaly yóò dúró níbẹ̀ láti wo ohun tí ó ń ṣe, kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá nu ògiri náà lẹ́yìn mi, kí a ta ilé St. Albans náà, kí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé oko ṣe.

Wùnmí, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí o fọ̀ dànù. Ẹ kò jẹ́ kí n bá Eino gbé nígbà tó wà láyé. Mo wá ń retí pé bí mo bá kú, èéfín mi yóò lẹ̀ mọ́ orí tirẹ̀, wọn kò ní lè yà wá mọ́. O ti ha tirẹ̀ kúrò. Èéfín tèmi nìkan ni yóò wà lára ògiri yẹn.

Mo buwọ́ lu ìwé yìí ní Mariners Harbor, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Susan Adédoyin Fátóyìnbó

Àwọn tí ojú wọn tó o:
Tiffany Grant, nọ́ọ̀sì
Abdulazeez Bákàrè, aládùúgbò ní St. Albans