Kíkí Tí Kọmíṣọ̀n Ní Kí Bàbá Rẹ Dín Kù

Natako, Lọ́kọ́ja.

Bámiṣayé ọmọ mi,

Okun o. Mo ti fẹ́ béèrè oorun, iṣẹ́ àti ìlera rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìjọba ń bà mí, fi okun kan yìí kárí gbogbo rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, bí mo bá ṣì í kọ, má kà á sókè létí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Inú wa dùn nígbà tí o kọ̀wé láti Ìlọrin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, pé ìjọba dá kọmíṣọ̀n sílẹ̀ nítorí ìnákúnàá, àti pé ìwọ ni akọ̀wé wọn. Ní Natako níbí, owó tí alágbàtà ń jẹ ni kọmíṣọ̀n, mo sì ti sọ fún Ìyá Kùdírátù, ará ilé wa, pé tìrẹ ti dé. Àfi bí àwọn ará kọmíṣọ̀n ṣe dé ọ́fíìsì bàbá rẹ láìsí ìwọ láàárín wọn, tí wọ́n bi í pé kí ni mésénjà ń ṣe láti àárọ̀. O mọ̀ pé kò lè purọ́. Ó ní òun ń kí àwọn tó ń wọlé, Nupé ní èdè Nupé, Ígálà ní èdè Ígálà, òun a sì máa béèrè àlàáfíà ọmọ àti màlúù lọ́wọ́ Haúsá. Wọ́n ní ìfàkókòṣòfò nìyẹn, kí ó dín in kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn yóò dín òun náà kù.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kí ó máa fi okun, ìkíni ìlú wa, kí gbogbo ènìyàn, nítorí okun àárọ̀ náà ni okun alẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tó ṣubú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Alàájì Sàláhúdéènì aláṣọ wá sí ọ́fíìsì, ó gbọ́ okun, ó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń retí ìyókù. Ọ̀sán ló tó dìde, kò sì sẹ́ni tó ráyè kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí kọmíṣọ̀n ń lọ, bàbá rẹ ní okun. Ọ̀gá wọn wọ mọ́tò, kò jẹ́ kí wọ́n wà á lọ. Ó ní ṣé kíkí náà tán ni. Bàbá rẹ ní sà, ẹ̀yin lẹ ní kí n dín in kù. Ọ̀gá ní ọ̀nà Kábbà ò dáa, kí bàbá jọ̀ọ́ fi nǹkan kún un. Ni bàbá rẹ bá ṣàdúrà fún dírẹ́bà, fún táyà, fún ìyàwó tó wà nílé, ọ̀gá sì ń ṣe àmín tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà, a ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni wọn yóò ka èyí sí tàbí ìnákúnàá. Bá wa wádìí rẹ̀. Bí kọmíṣọ̀n bá sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́, kí n lè máa kàwé.

Àdúrà ni mi ò lè dín kù. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjókòó rẹ, yóò ṣọ́ ìdìde rẹ, kò sì ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ bàbá rẹ mọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀gá rẹ bá ní àdúrà yìí gùn, sọ fún un pé ti táyà rẹ̀ gùn jù ú lọ.

Ìyá rẹ,
Salome.