Bàbá Nàró, Mo Ti Tú Àṣírí Yín

Ọdún méje rèé tí ẹ ti lọ, ọkọ mi. Ọdún méje! Ó dà bíi pé àná ni ẹ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, tí ẹ fi kọ́ sára ìṣó, tí ẹ ní kí n bá yín pa iná ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣó náà ṣì wà lára ògiri. Ti téèpù, màá sọ fún yín tó bá yá. Èmi náà ṣì wà, mo ṣì ń kọrin láàárọ̀, àwọn aládùúgbò sì ṣì ń ráhùn.

Lọ́dọọdún tí mo bá ń kọ ìrántí yìí sí yín, ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni mo máa ń kó jọ. Mo sọ fún yín nígbà tí a fi páànù tuntun bo yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ láìbò. Mo sọ fún yín nígbà tí àkọ́bí yín ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tí kò sì jẹ́ ká ta èyí tí ẹ̀yin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìdí èyí tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló ṣì ń jókòó sí. Mo sọ fún yín nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Aláriwo yín, di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń pè é ní "ọ̀gá wa." Ti ọdún yìí yàtọ̀. Lọ́dún yìí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí kí n tó rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má sì tíì bínú, àfi tí mo bá parí.

Ẹ rántí òòfà mi tí mo so mọ́ okùn? Nígbà tí ṣúgà pa ẹsẹ̀ yín kú, tí ẹ ò mọ̀ bóyá sìmẹ́ńtì lẹ tẹ̀ tàbí ẹní, èmi ni mo máa ń wọ́ ọ káàkiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, kí píìnì má baà gún yín. Mo ṣe orin sí i. Ẹ ní orin náà ò dùn, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ sì máa ń gbè é:

*Abẹ́rẹ́ jáde, jáde kí n rí ọ,*
*Ẹsẹ̀ ọkọ mi kì í ṣe ilé rẹ!*

Nígbà tí ẹ lọ, mo ká okùn, mo fi òòfà sínú àpótí. Ẹsẹ̀ ta ni mo tún fẹ́ máa ṣọ́? A mọ̀ pé ṣúgà ti mú àkọ́bí yín náà. Ó máa ń lo oògùn lọ́jọ́ tó bá rántí, á sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó bá gbàgbé. Tí mo bá bá a wí, á ní, "Màámi, ti bàbá ni ti bàbá, tèmi ni tèmi."

Áà! Tiyín ni tirẹ̀ o!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláriwo já àwọn ọmọ sílé wọn tán, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì jókòó tó fi kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, aṣọ ta lẹ ń ta ẹ̀jẹ̀ sí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rò pé sísọ́ọ̀sì ló gé òun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà. Píìnì ti gba inú sálúbàtà wọ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń fi tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀, kò mọ̀. Kò dùn ún rárá! Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mo ti rí irú ojú yẹn rí. Ojú yín ni.

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ jinná. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ló tú ọ̀rọ̀ síta. Dókítà rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, pé èyí tó kù níbẹ̀ ò lè gbé e lọ. Bí ọmọ yín ṣe di ẹni tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń lọ nígbà tí kíndìnrín tiyín bàjẹ́. Irú àga tí ẹ jókòó sí náà ni. Irú ẹ̀rọ tó ń kùn yẹn náà ni. Omi tó fẹ́ mu, ife kékeré la fi ń wọ̀n ọ́n fún un, á sì di ife ọ̀hún mú bí ẹni di ẹyin mú. Tó bá ti ibẹ̀ dé, ojú rẹ̀ á funfun bí eérú. Á ní òun fẹ́ rán ṣòkòtò oníbàárà. Kó tó rán ẹsẹ̀ kan tán, orí rẹ̀ ti wà lórí aṣọ.

Mo fẹ́ kọrin fún un. Orin há mi lọ́fun. Èmi!

Dókítà wá ní ọ̀nà kan ṣì wà: tí ẹnì kan bá lè fún un ní kíndìnrín kan, nítorí èèyàn lè fi ẹyọ kan gbé ayé rẹ̀ dáadáa. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Aláriwo ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. "Ẹ gba tèmi. Èyí tó bá pariwo jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú." Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Kò ní ṣúgà, ara rẹ̀ le, tirẹ̀ sì bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu bí ìgbà tí wọ́n gé méjèèjì lára aṣọ kan náà. Mo jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Màámá, ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀ o."

Àṣé mo yára jó. Ọmọ yín fi àáké kọ́rí.

"Bàbá mi ò gbà á," ló wí. "Èmi náà ò ní gbà á. Wọn ò ní tìtorí kí n lè pẹ́ láyé fi ọ̀bẹ kan ara ọmọ."

Ọ̀rọ̀ yín! Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, ní pálọ̀ wa, pẹ̀lú fìlà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, lọ́jọ́ tí Aláriwo, tí kò tíì ju ọmọge lọ nígbà yẹn, ní kí ẹ gba tòun. Nígbà tí ẹ kú, gbogbo àlejò tó wá kí wa ló ń sọ ọ́: bàbá yín mà lọ́kàn o, kò jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ òun! Àkọ́bí yín gbọ́ ọ, ó gbé e mì. Ó jogún ṣọ́ọ̀bù, ó jogún ṣúgà, ó tún fi ọ̀rọ̀ yẹn kún ogún.

Àbúrò rẹ̀ ò gbà. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi ni? Ọmọ òun ni bàbá ní kí wọ́n má gé. Àbúrò yín lèmi. Òfin yẹn ò kàn yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ni ká ní kí wọ́n yọ, kì í ṣe kíndìnrín."

"Ẹ gba ẹnu náà kún un. Èènì ni!"

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò gbà. A bẹ̀ ẹ́ títí, á ní oníbàárà ń dúró de òun, á sì dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí kò ga ju bí àpótí ìjókòó lọ, kò lè gùn ún mọ́ láìsinmi.

Dókítà bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màámá, ọkàn tó ń lù láyà ọmọ yín ṣì lágbára báyìí. Tó bá ń fi falẹ̀, ó máa rẹ ọkàn náà. Tó bá wá gbà nígbà yẹn, àwa la ò ní lè ṣe é mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí mi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Nítorí èmi àti ẹ̀yin la jọ wà nínú yàrá yẹn nígbà náà, tí dókítà tiyín, bàbá arúgbó yẹn, ti ilẹ̀kùn, tó ní ọkàn yín ò lè gba iṣẹ́ abẹ, pé orí tábìlì ni ẹ máa kú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbà! Ẹ ti gbà tayọ̀tayọ̀, ẹ ti ń bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí ọmọ máa jẹ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tètè san. Ẹ ní kí n gbé fìlà yín fún yín. Lójú ọ̀nà ni ẹ wá sọ pé, "Olórin, àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á máa wojú mi bí ẹni ń wo aago. Jẹ́ kí n sọ pé èmi ni mi ò fẹ́." Mo búra fún yín. A délé, ẹ gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ gbé àyà sókè, ẹ sì pa irọ́ yẹn, ó dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Díẹ̀ ló kù kí èmi gan-an gbà á gbọ́!

Mo pa á mọ́ fún yín. Mo pa á mọ́! Ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu mi ṣe rí, ẹ mọ̀ pé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà yẹn sọ̀rọ̀ tán, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní: ta ni mo wá ń pa àṣírí yìí mọ́ fún? Ẹni tó ti lọ ni, àbí ẹni tó fẹ́ lọ? Mo dìde. Mi ò dúró gba ilé. Ṣọ́ọ̀bù ni mo kọrí sí.

Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń tú etí ṣòkòtò kan, àbúrò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò kí wọn.

Mo ní, "Bàbá yín ò kọ̀ o. Dókítà ló kọ̀. Bàbá yín ti gbà. Ọkàn rẹ̀ tó ti rẹ̀ ni kò lè gba iṣẹ́ abẹ."

Ọmọ yín ní, "Màámi, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Irọ́ ni bàbá mi pa?" Mo ní, "Irọ́ gidi! Èmi ni mo sì gbè é."

Mo wo Aláriwo. Ariwo ti tán lẹ́nu rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ pòrò pòrò. Ó ní, "Mo rò pé tèmi ni ò wù wọ́n." Ẹ gbọ́, ọkọ mi? Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ yín ti ń gbé e sínú, tó ń fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ ò mọ̀. Èmi tí mo wà nílé náà ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di etí tábìlì mú, ó dìde. Ó lọ sídìí ògiri. Téèpù yín, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ó ká a kúrò lára ìṣó, ó fi kọ́ ọrùn. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní:

"Nàró!"

Bàbá Nàró mi! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò fi sọ yín lórúkọ, nítorí bí ẹ ṣe máa ń pariwo rẹ̀ mọ́ oníbàárà tó bá tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ lábẹ́ téèpù yín! Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ rí níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dáadáa" ni ọmọ yín máa ń sọ.

"Nàró, mo ní! Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn nìyẹn, tó o tẹ̀ bíi kànnàkànnà?"

"Kí lẹ fẹ́ rán?" Ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀.

"Aṣọ tí kò ní rọ́bà níbàdí. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ti yọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan máa ha ojú ọgbẹ́ rẹ."

Bó ṣe gbà nìyẹn. Kò sọ pé òun gbà o. Ó wọ̀n ọ́n ni! Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an, á tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, á sinmi. Mo lọ gbé òòfà jáde nínú àpótí. Mò ń wọ́ ọ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Aláriwo ni wọ́n kọ́kọ́ tì lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kígbe lọ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá tún fi oògùn ṣeré, màá wá gbà á padà!" Wọ́n ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀lé e. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọmọ méjì péré ni mo bí fún yín, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan náà.

Ìdí mi ò jókòó. Mo di okùn òòfà mú nínú báàgì bí ẹni di ọwọ́ èèyàn mú. Mo pè yín. Mo ní, Bàbá Nàró, tẹ́ ẹ bá ń bínú, èmi nìkan ni kẹ́ ẹ bínú sí. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ọmọ mi obìnrin ti jí, ó ti ń béèrè ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì òun. Mo dúpẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ó ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù! Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó bọ́ sára ògiri, ó kúrò lára ògiri.

Nọ́ọ̀sì kan náà tún jáde, eyín rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. "Màámá, ó ti ń tọ̀! Wọn ò tíì rán ojú ibẹ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀!"

Ìtọ̀! Ta ló mọ̀ pé ìtọ̀ lè dùn tó báyìí létí? Ilẹ̀ yọ̀ títí, mo jó o! Orin tó há jáde fúnra rẹ̀:

*Ìtọ̀ jáde, jáde kí n gbọ́ ọ,*
*Inú ọmọ mi kì í ṣe ilé rẹ!*

Mi ò ní tàn yín, ọkọ mi. Irọ́ ti tó nínú ilé wa. Ṣúgà ò tíì lọ. Àárọ̀ oògùn, alẹ́ oògùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ayé rẹ̀. Dókítà ní kíndìnrín náà fẹ́ ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. Tí ọmọ yín bá sín, àyà mi á já. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mò ń wọ́ òòfà mi nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù á bà mí, màá sì kọrin lé e lórí.

Àárò yín ń sọ mí. Ó ń sọ mí nídìí ẹ̀rọ, ó ń sọ mí tí mo bá kọrin tán tí ẹnikẹ́ni ò ní pé kò dùn. Mo fẹ́ràn yín lánàá, mo fẹ́ràn yín lónìí, irọ́ yín àti òótọ́ yín. Bí ẹ bá ṣì ń bínú pé mo tú àṣírí yín, ẹ tọ́jú ìbínú náà dè mí. Ẹ má kàn tíì retí mi. Mo ṣì ń tẹ́tí sí bí ọmọ yín ṣe ń tọ̀.

Téèpù yín ò sí lára ìṣó mọ́. Ọrùn rẹ̀ ló wà. Níbikíbi tí ẹ bá wà, olówó orí mi, ẹ nàró.