Ojú Ewé Mẹ́rìndínlógún Tó Tò Tẹ̀lé Ara Wọn

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá
Ìrántí ẹ̀rọ lápapọ̀, tí a gé sí ojú ewé kéékèèké: 1,048,576. Ti ná: 906,204. Ó kù: 142,372.
Síbẹ̀ ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣọ́ odò fún àdúgbò ní òun ò rí mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìndínlógún tó tò tẹ̀lé ara wọn ni kámẹ́rà ń béèrè kí àwòrán odò tó lè wọlé. Èyí tó kù fọ́n ká — ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Bí bọ́ọ̀sì tí ogún àga ṣófo nínú rẹ̀, tí tọkọtaya ò sì rí ibi jókòó ti ara wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin ó rí i. Lónìí nìyẹn o.
Bí kò bá sí àwòrán, kò sí fèrè ìkìlọ̀ omíyalé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Mo sọ fún Seu Evaldo, alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Ó ní, "Dorva, o ní àyè wà, o tún ní kò sí àyè. Ṣé kọfí lo mu ni àbí ọtí kaṣása?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.
Ilé ẹ̀gbọ́n mi Ivonete ló kángun sí odò. Ẹsẹ̀ kan ni ọkọ rẹ̀, Genésio, ní. Láti fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í dé ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 9
Alábàárù — orúkọ tí mo fún apá kánẹ̀lì, ọkàn ètò ẹ̀rọ, tó ń ru ojú ewé láti ibì kan sí ibòmíràn kí àyè lè papọ̀. Wákàtí kan lónìí: ó ru 61,000. Èrè: àyè méjì péré tó tó mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mo rí i. Ojú ewé 3,311 ni a fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri ibi gbogbo. Alábàárù ò lè gbé wọn. Ẹni tó kàn wọ́n? Èmi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ètò tó ń ka odò má baà fi àkókò ṣòfò. Ohun tí mo jèrè kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Lindomar, tó ń bá wọn kọ kánẹ̀lì ní ìlú Campinas, fèsì ìbéèrè mi. "Àbúrò, yọ ìṣó yẹn, pa ẹ̀rọ, tún un tàn. Lónìí." Mo ní ẹ̀rọ yóò fọ́jú sí odò fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lo ń ṣahun sí? Háà, Dorva!"
Wọ́n ní òjò ò ní rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fi í sí ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Òjò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Odò: mítà 5.20. Mi ò lè fọ́ ẹ̀rọ lójú báyìí.
Ivonete pè mí. "Ṣé kí a ti máa lọ?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, fèrè á dún." Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Ajé, 14
15:06. Odò kọjá mítà méje, ibi tí fèrè ti gbọ́dọ̀ dún. Kámẹ́rà béèrè mẹ́rìndínlógún. Alábàárù gbé e, ó kan ìṣó, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Gbogbo ètò dúró dè é. Mo ń tẹ bọ́tìnnì fèrè, kò dáhùn. Mo sáré jáde, mo ń pariwo bí wèrè — òjò gbé ohùn mi mì.
Fèrè dún ní 15:25.
Omi dé kọ́nà ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní 15:48. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ wà. Ivonete di òpó iná mú. Omi gbé kẹ̀kẹ́ lọ, tòun ti Genésio.

Ọjọ́rú, 16
Wọ́n rí òkú Genésio.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Seu Evaldo ní kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi.
Ivonete ń ká ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Dorva, ìwọ tó mọ ìṣirò. Ìṣẹ́jú mélòó ló kù kí a dé òkè?"
Fèrè 15:25. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 15:55. Omi 15:48.
"Méje, ẹ̀gbọ́n mi."
Ó ní, "Méje." Ó tún ká òmíràn.
Gbèsè ìṣẹ́jú méje ni mo jẹ ẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí mo ti máa mú un san.